Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Èwo ló yára jù láàárín Linux àti BSD?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ti lo ọdún mẹ́sàn-án. RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, hard disk rẹ̀ sì jẹ́ 500GB. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, ó sì ń falẹ̀ débi pé mo lè jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tó rí nǹkan kan ṣí. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n gbé Linux sí i. Ẹlòmíràn ní FreeBSD ni kí n lò, pé òun ni Unix gidi, ó sì fúyẹ́ ju Linux lọ. Mo ti kà nípa Ubuntu, Mint, Debian, Fedora àti OpenBSD títí gbogbo rẹ̀ fi dàrú mọ́ mi lójú. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló yára jù nínú wọn?

Ìdáhùn: Kò sí èyí tó yára jù. Mo mọ̀ pé èsì yìí kò ní dùn mọ́ yín nínú, ṣùgbọ́n lemọ́lemọ́ ni ìbéèrè yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì ń dáhùn rẹ̀ káàkiri kàn ń dárúkọ èyí tí àwọn fúnra wọn ń lò ni. Ẹ̀bi tí ẹ fẹ́ dá ètò ìṣàkóso kọ̀ǹpútà yìí (ìyẹn operating system, bíi Windows), kì í ṣe òun ló ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya àwọn orúkọ tí ẹ kà sọ́tọ̀, nítorí pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Linux fúnra rẹ̀ kì í ṣe odindi ètò ìṣàkóso. Kernel ni, ìyẹn apá inú lọ́hùn-ún tó ń pín RAM àti àkókò processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, fún àwọn software, tó sì ń bá àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Finland. Debian, Fedora, Ubuntu àti Mint jẹ́ oríṣiríṣi ọ̀nà tí àwọn ènìyàn gbà kó kernel kan náà pọ̀ mọ́ àwọn software mìíràn: inú Debian ni wọ́n ti yọ Ubuntu jáde ní ọdún 2004, inú Ubuntu ni wọ́n sì ti yọ Mint. Ọ̀tọ̀ ni ìdílé BSD, tó ṣẹ̀ wá láti Yunifásítì California ní Berkeley. FreeBSD àti NetBSD bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, OpenBSD sì yà kúrò lára NetBSD ní ọdún 1995. Nínú ìdílé yìí, ọwọ́ kan náà ló ń tọ́jú kernel àti àwọn irinṣẹ́ ìpìlẹ̀ pa pọ̀. Ní ti "Unix gidi", òótọ́ ni pé BSD bá Unix, ètò ìṣàkóso àtijọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní ọdún 1969 tan, ṣùgbọ́n orúkọ náà jẹ́ àmì òwò tó wà lọ́wọ́ àjọ kan tó ń jẹ́ The Open Group; macOS ti Apple ti gba ìwé ẹ̀rí láti máa jẹ́ ẹ, FreeBSD kò gbà á. Bó ti wù kó rí, orírun kì í mú kọ̀ǹpútà sáré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Kọ̀ǹpútà ọdún mẹ́sàn-án tó ní hard disk 500GB, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé oríṣi èyí tó ń yí ni: àwo kan ń yí bírí nínú rẹ̀, orí kékeré kan sì ń sún lọ sún bọ̀ lórí àwo náà láti wá ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí orí yìí bá sún ń gbà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kò lè wá fáìlì ju bí ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni, kí desktop tó hàn lójú yín, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan kéékèèké ni ẹ̀rọ náà ní láti kà. SSD, oríṣi disk tí kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú, lè ṣe irú kíkà bẹ́ẹ̀ ní ẹgbẹẹgbàárùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Bí ẹ bá gbé Linux lé àwo yẹn, àwo yẹn náà ni. Bí ẹ bá gbé FreeBSD lé e, kò ní torí ìyẹn yí kánkán sí i.

Èkejì ni browser. Firefox tí ẹ óò lò lórí Debian kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ óò lò lórí FreeBSD, ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tó kún fún fídíò àti ìpolówó yóò sì jẹ RAM tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lórí méjèèjì. Pẹ̀lú 4GB, bí ẹ bá ṣí ojú ìwé ogún lẹ́ẹ̀kan náà, RAM yóò kún, ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sórí disk, ẹ óò sì padà sọ́dọ̀ àwo tó ń yí. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá wí pé Mint fúyẹ́ ju Ubuntu lọ, desktop, ìyẹn ojú iṣẹ́ tí ẹ ń rí tí ẹ sì ń tẹ̀, ni wọ́n sábà ń wọ̀n láìmọ̀: GNOME ni Ubuntu ń gbé wá, ó sì wúwo ju Xfce lọ. Ṣùgbọ́n Xfce náà wà fún Ubuntu, ó wà fún Debian, Fedora, FreeBSD àti OpenBSD. Aṣọ tí èèyàn lè pààrọ̀ kọ́ ni à ń fi wọn èèyàn fúnra rẹ̀.

Àwòrán kan tún wà tó máa ń bí mi nínú, èyí tí wọ́n fi ń hàn pé ètò kan ń lo RAM 300MB nígbà tí ẹnìkejì ń lo 900MB. Nọ́ńbà tí èèyàn rí kó tó ṣí ohunkóhun kò sọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe rí nígbà iṣẹ́. Linux mọ̀ọ́mọ̀ ń fi RAM tí kò níṣẹ́ tọ́jú fáìlì tó ti kà, kó má baà padà lọ kà á lórí disk, ó sì ń dá a padà bí software bá nílò rẹ̀. Ẹni tó bá pa àṣẹ free, èyí tó ń fi bí RAM ṣe ń lọ hàn, ìlà "available" ni kó wò, kì í ṣe "free". Ní ti OpenBSD tí wọ́n ní ó fúyẹ́, láti ọdún 2018 ni àwọn tó ń ṣe é ti ń pa hyper-threading ti processor (ọ̀nà tí apá kan nínú processor fi ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà) tì nítorí ààbò, àyàfi bí ẹni tó ni ẹ̀rọ bá tan án fúnra rẹ̀. Ààbò ni wọ́n yàn ju eré lọ, wọn kò sì fi pa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì da script (àkópọ̀ àṣẹ) kankan tí wọ́n ní ó ń mú kí Linux sáré sínú terminal, ibi tí à ń tẹ àṣẹ sí, pẹ̀lú sudo, ọ̀rọ̀ tó ń fún àṣẹ ní agbára lórí gbogbo ẹ̀rọ. Ẹni tí ẹ kò mọ̀ ni ẹ fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé yẹn.

Mo gbà pé ìdí gidi wà láti kúrò lórí Windows 10, nítorí pé Microsoft dẹ́kun àtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún un ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọ̀pọ̀ processor ọjọ́ orí yẹn kò sì sí lórí àkọsílẹ̀ èyí tí Windows 11 gbà. Iṣẹ́ tó ń lọ lábẹ́lẹ̀ pẹ̀lú lè dín kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó darí yíyàn yín ni driver, ìyẹn software tó ń jẹ́ kí ètò ìṣàkóso lè lo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, pàápàá ti Wi-Fi. Láàárín Linux àti BSD, Linux ló mọ ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà alágbèéká púpọ̀ jù. FreeBSD ń mú driver àwòrán ti Intel àti AMD láti inú Linux, nítorí náà ó sábà máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. OpenBSD sì ti yọ Bluetooth kúrò láti ọdún 2014. Iye ọdún àtìlẹ́yìn náà ṣe pàtàkì: ti Ubuntu LTS, ẹ̀dà Ubuntu tí wọ́n ń tọ́jú pẹ́, jẹ́ ọdún márùn-ún, Debian náà ń tó bẹ́ẹ̀ bí a bá ka àfikún rẹ̀ mọ́ ọn, nígbà tí ti Fedora jẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́tàlá. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí ètò ìṣàkóso ṣe ń ṣiṣẹ́, FreeBSD dára gan-an fún un, Handbook rẹ̀, ìyẹn ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀, sì ṣe kedere. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ẹ fi ń jẹun.

Fún yín, mo fara mọ́ Mint tàbí Debian pẹ̀lú Xfce. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sórí USB, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà láti ibẹ̀ láìfọwọ́ kan disk, kí ẹ sì dán Wi-Fi, ohùn, kámẹ́rà àti pípa ìdérí dé wò. Yóò falẹ̀ lórí USB; ẹ má fi ìyẹn ṣe ìdájọ́. N kò tíì rí ẹ̀rọ yín, ó sì ní àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n jó disk wọn mọ́ pátákó tí kò ṣe é pààrọ̀, nítorí náà kí ẹni tó mọwọ́ rẹ̀ ṣí i wò kí ẹ tó náwó, n kò sì lè dúró fún fáìlì tí ẹ kò bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn. Bí ó bá ṣe é pààrọ̀, ẹ ra SSD, kí ẹ gbé Linux sórí rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú hard disk àtijọ́ náà bó ṣe wà, láìpa nǹkan kan rẹ́ lórí rẹ̀. Bí BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti disk pa, bá wà lórí rẹ̀, ẹ kọ recovery key rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń ṣí i) sílẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́. Bí Linux kò bá tẹ́ yín lọ́rùn lẹ́yìn oṣù kan, ẹ dá hard disk yẹn padà sáyè rẹ̀, ẹ óò sì bá Windows yín níbi tí ẹ fi í sí.