Báwo ni mi ò ṣe ní ṣi partition (apá kan lára disk) mú tí mo bá ń fi Ubuntu sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows?

Kó o tó tẹ Install rárá, ṣí terminal (ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ) lórí Ubuntu tó ń ṣiṣẹ́ látinú flash tó o fẹ́ fi install ẹ̀, kó o tẹ lsblk -o NAME,SIZE,FSTYPE, gbogbo disk á jáde pẹ̀lú bó ṣe tóbi tó, flash fúnra ẹ̀ náà máa wà níbẹ̀, ó lè máa jẹ́ sda, torí náà ìwọ̀n ni kó o fi dá wọn mọ̀, má gbára lé orúkọ nìkan. Èyí tí FSTYPE ẹ̀ bá jẹ́ ntfs tàbí BitLocker, ti Windows nìyẹn o, fi í sílẹ̀.

Ibi tó léwu jù ni EFI, ìyẹn partition tí kọ̀ǹpútà fi ń boot, vfat kékeré kan báyìí tó sábà máa ń jẹ́ 100 MB, mú un fún /boot/efi àmọ́ jọ̀ọ́ má format ẹ̀, tó o bá format ẹ̀ pẹ́nrẹ́n Windows ò ní boot mọ́.

Inú Disk Management ti Windows ni kó o ti shrink partition Windows (ìyẹn ni pé kó o dín in kù), fi àyè 25 GB sílẹ̀ fún Ubuntu ó kéré tán, ibẹ̀ lo máa ṣe ext4 (irú partition tí Ubuntu ń lò) sí, kó o yan / (ibi tí Ubuntu fúnra ẹ̀ máa wà) fún un, tí kò bá sí / installer ò ní jẹ́ kó o tẹ̀ síwájú. Erase disk ńkọ́? Gbogbo disk ló ń nù, má tẹ̀ ẹ́.