Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn kan ṣì ń sọ èdè Jámánì ní Bràsíl?

Òótọ́ ni. Ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1824 ni àwọn ará Jámánì kọ́kọ́ dé São Leopoldo, ní gúúsù Bràsíl. Ọ̀pọ̀ wọn wá láti agbègbè Hunsrück ní Jámánì, ẹ̀ka èdè ibẹ̀ sì ni àwọn kan nínú ìran wọn ń sọ nílé títí dòní. Ní Santa Maria de Jetibá, ní ìpínlẹ̀ Espírito Santo, èdè Pomerania, tóun náà jẹ́ ẹ̀ka èdè Jámánì, lẹ máa gbọ́. Ní Yúróòpù tó ti ṣẹ̀ wá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Bí àwọn ẹ̀ka èdè yìí ṣe ṣì wà ní Bràsíl wú mi lórí gan-an, nítorí ìjọba Getúlio Vargas, tó jẹ́ ààrẹ Bràsíl nígbà náà, fòfin de fífi èdè Jámánì kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé lọ́dún 1938. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ilé wọn, ẹ lọ sí Pomerode, ìlú kan ní gúúsù Bràsíl: àwọn ilé onígi tí wọ́n fi bíríkì dí àárín wọn ṣì wà níbẹ̀.