Níbo Ni Mo Ti Lè Rí Orin Tí Rédíò Kì Í Gbé Sáfẹ́fẹ́?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ètò yín o. Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo. Mo ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì ní ọmọ mẹ́ta nílé. Láti àárọ̀ títí a ó fi ti ilẹ̀kùn ni rédíò máa ń wà ní títàn, ṣùgbọ́n orin bíi mẹ́wàá kan náà ni wọ́n ń yí po. Nígbà tí mo wà níléèwé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń mú kásẹ́ẹ̀tì àwọn olórin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wálé, adùn wọn kò tíì kúrò létí mi. Àwọn olórin tó ń fi owó ara wọn gbé orin jáde, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní indie, ni mo fẹ́ máa gbọ́. Àmọ́ n kò ráyè wá wọn, dátà náà sì wọ́n. Bí mo bá tiẹ̀ rí ọ̀kan tó wù mí, tí mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi lórí WhatsApp, wọn kì í gbọ́ ọ. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìyá Aránṣọ, Òṣogbo

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọmọ títọ́. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń yan orin fún rédíò, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹnìkan bi mí ní ìbéèrè yìí. Ìdí tí orin mẹ́wàá náà fi ń yí po kò le: orin tí èèyàn ti mọ̀ kì í jẹ́ kó yí rédíò rẹ̀ sí ibòmíràn, ẹni tó ń polówó ọjà láàárín ètò sì fẹ́ kí olùgbọ́ dúró. Nítorí náà, ẹ má fi gbogbo ìrètí yín sọ́dọ̀ wa.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni pé kí wọ́n má wá orin, orúkọ ni kí wọ́n máa wá. Orin kan ṣoṣo tó dùn mọ́ yín nínú ti tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló kọ ọ́? Ta ló ta gìtá níbẹ̀? Ta ló lùlù, ta ló ṣètò rẹ̀, níbo ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀? Láyé rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn páálí ni gbogbo èyí máa ń wà. Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn áàpù orin ló ń kọ ọ́ sábẹ́ orin náà, ó kàn jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ ibẹ̀ ni. Onílù àti onígìtá kì í ṣiṣẹ́ fún ẹnìkan. Bí ọwọ́ wọn bá wọ̀ yín létí níbì kan, ẹ tẹ̀ lé wọn lọ sí ibi tí wọ́n tún ti ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó lọ kàwé ní Brazil ló kọ orúkọ ẹgbẹ́ olórin kan ránṣẹ́ sí mi láti São Paulo: Metá Metá. Orúkọ náà ló kọ́kọ́ dá mi dúró, torí èdè wa ni. Mẹ́ta ni wọ́n lóòótọ́: Juçara Marçal ló ń kọrin, Kiko Dinucci ló ń ta gìtá, Thiago França ló ń fọn saxophone. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 2011, MetaL MetaL tẹ̀ lé e ní 2012, MM3 sì dé ní 2016. Wọ́n dá iṣẹ́ wọn ṣe ni, wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó bá fẹ́ wà á sórí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo tan MetaL MetaL lálẹ́ ọjọ́ kan. Gìtá náà ń bú bí iná tó ran pápá, àárín rẹ̀ ni mo ti gbọ́ Èṣù, tí mo gbọ́ Ọya, lẹ́nu obìnrin tó jẹ́ pé èdè Potogí ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ ìjọ ni mí, n kò sì yí ẹ̀sìn padà nítorí orin. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ìyá ìyá mi máa ń sọ ni mo gbọ́ láti òdìkejì òkun, n kò lè dìde lórí àga fún ìgbà díẹ̀.

Mo wá tẹ̀ lé orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Juçara Marçal gbé mi dé Encarnado, àwo tó dá ṣe ní 2014, ó tún gbé mi dé Delta Estácio Blues ti 2021. Gìtá Dinucci gbé mi dé inú A Mulher do Fim do Mundo, àwo tí Elza Soares, àgbà olórin Brazil nì, ṣe ní 2015. França gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ onífèrè tó ń kó kiri ìgboro São Paulo lásìkò kanifá. Orúkọ mẹ́ta péré fún mi ní orin tí mo gbọ́ fún bí oṣù mẹ́rin, n kò sì jókòó wá ohunkóhun.

Ẹ̀yin kò ní láti lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Òṣogbo ni ẹ wà. Gbogbo ayé mọ Twins Seven-Seven sí ayàwòrán, àmọ́ ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò yín léèrè nípa ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ àti àwo tó ṣe. Orlando Julius, afunfèrè ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, gbé àwo Super Afro Soul jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, Modern Aces, ní 1966. Ní 2014, òun àti ẹgbẹ́ kan láti London tó ń jẹ́ The Heliocentrics jọ ṣe Jaiyede Afro. Ó kú ní 2022, mo sì máa ń pàdé ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn fèrè tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Beautiful Nubia náà wà, Ṣẹ́gun Akínlolú tó kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó wá ń fi ilé iṣẹ́ tirẹ̀, EniObanke, gbé orin jáde. Ẹnu ọ̀nà tó dára ni fún ẹni tó fẹ́ràn orin Yorùbá tó ní ọ̀rọ̀ nínú. Kí olórin fi owó ara rẹ̀ ṣe é kì í sì í ṣe àṣà àwọn ọmọ ìsinsìnyí: ní 1969 ni I.K. Dairo àti Haruna Ishola ti dá ilé iṣẹ́ àwo orin STAR sílẹ̀ fún ara wọn.

Nípa dátà, áàpù orin tó ń jẹ́ Audiomack ni mo máa ń sọ fún àwọn tó wà nípò yín, torí ẹ lè wà orin sínú rẹ̀ láìsanwó kí ẹ sì gbọ́ ọ láìsí dátà. Ẹ fi dátà òru wà orin márùn-ún, ó ti tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Spotify tó dé Nàìjíríà ní 2021 máa ń to ọgbọ̀n orin jọ fún oníkálukú ní gbogbo ọjọ́ Ajé, mo sì ti rí orin gidi níbẹ̀. Àmọ́ ohun tí etí yín ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ló fi ń mọ èyí tí yóò yàn, nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi fóònù yín gbọ́ tiwọn o. Bí ẹ bá gbọ́ orin nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí níbi ìnáwó, áàpù Shazam lè sọ orúkọ rẹ̀. Bí kò bá sí dátà lásìkò náà, yóò tọ́jú rẹ̀ pamọ́ títí dátà yóò fi dé. Kì í sábà mọ àwọn olórin kéékèèké wa. Nígbà náà, ẹ bi awakọ̀. Inú awakọ̀ máa ń dùn tí èrò bá bi í léèrè orin tó fi sí i.

Ẹ ó sì máa lọ ra aṣọ ní Balógun ní Èkó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Freedom Park kò jìnnà sí ọjà náà, lójú Broad Street, níbi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó amúnisìn wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n máa ń ṣeré ojúkojú níbẹ̀. Bí ẹ bá ráyè dé Awólọ́wọ̀ Road ní Ìkòyí, Jazzhole ń ta àwo àti ìwé. Ẹ sọ orin kan tí ẹ fẹ́ràn fún ẹni tó wà níbẹ̀, kí ẹ ní kó fi òmíràn tó jọ ọ́ hàn yín.

Àyè ńkọ́? Ẹ ní i, inú iṣẹ́ yín ló wà. Ẹ má gbọ́ orin tuntun nígbà tí ẹ bá ń gé aṣọ, torí ọkàn yín kò sí níbẹ̀, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀. Ariwo máṣíìnì náà kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ orin. Ìgbà tí ẹ bá ń fi ọwọ́ ran etí aṣọ, tí ẹ ń so bọ́tìnnì, tí ẹ ń lọ aṣọ, ìgbà yẹn ni. Ọwọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀, etí sì ṣófo. Ẹ gbọ́ orin kan lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó sọ pé kò wù yín. Púpọ̀ nínú orin tí mo fẹ́ràn jù ni kò wọ̀ mí lára lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ máa ṣe lójú ẹsẹ̀: ẹ máa kọ orúkọ sílẹ̀. Ní bí ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró dè mí lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà, ó fún mi ní síídì kan. Mo dúpẹ́, mo jù ú sínú ọkọ̀, mo sì gbàgbé rẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́jọ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó dá mi dúró lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó tí mo wá fi í sínú ẹ̀rọ. Ó ń kọrin nípa ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹ̀kọ ní ìdájí, gìtá kan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan péré ló bá a lọ. Kò sí orúkọ lára síídì náà, kò sí nọ́ńbà fóònù. Mo bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, kò rántí. Mo gbé e sáfẹ́fẹ́, mo ní kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n pè wá. Kò sẹ́ni tó pè. Títí dòní n kò mọ orúkọ ọmọ náà, ó sì ń dùn mí.

Ohun tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ ní Gánà, àmọ́ tiwọn yanjú. Ní 2002, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Brian Shimkovitz, ra kásẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ òǹtajà ẹ̀gbẹ́ títì ní Cape Coast. Obaa Sima ni àkọlé rẹ̀, Ata Kak ló kọ ọ́ ní 1994, àádọ́ta ẹ̀dà péré ni wọ́n sì ṣe. Ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2006, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wá ẹni tó kọ ọ́. Ó rí i níkẹyìn, wọ́n tún àwo náà gbé jáde ní 2015, Ata Kak sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ níwájú èrò nílẹ̀ òyìnbó. Ó kéré tán, orúkọ wà lára kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

Ní ti àwọn ọ̀rẹ́ yín tí kì í gbọ́ orin tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ má bínú sí wọn. Líǹkì lásán tí ẹ sọ sáàárín ọgọ́rùn-ún èèyàn dà bí àlejò tí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìkan ilẹ̀kùn. Ẹnìkan ni kí ẹ fún, orin kan ni kí ẹ fún un, kí ẹ sì sọ ìgbà tí yóò gbọ́ ọ. Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kó má ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ: “Ìyá Bùsáyọ̀, ẹ gbọ́ eléyìí tí ẹ bá ń fọ àwo lálẹ́. Ẹ dúró de ibi tí ìlù ti dákẹ́ tó ku ohùn obìnrin náà nìkan.” Ẹ má sọ pé ó dùn jù. Tí ẹ bá ti yìn ín báyẹn, iṣẹ́ ni ẹ gbé lé e lọ́rùn, ẹ̀rù yóò bà á pé bí kò bá dùn mọ́ òun ńkọ́. Ẹ tọ́ka sí ibì kan nínú orin náà, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún un. Kí ẹ má sì bi í léèrè títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi dárúkọ rẹ̀.

Ẹ sì ní ohun tí èmi kò ní, ẹ ní dígí. Gbogbo oníbàárà tó bá wá wọ aṣọ wò ló ń dúró níwájú rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ olórin tó ń dún lọ́wọ́ sí igun dígí náà. Ẹni tó bá wù yóò kà á, kódà yóò ya fọ́tò rẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tí ẹ fi agbára mú.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Láti 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín oṣù méjìlá kì í mú owó wálé fún ẹni tó ni ín lórí Spotify. Ẹ rò ó wò: ẹgbẹ̀rin èèyàn lè gbọ́ ọmọ kan kó má rí kọ́bọ̀. Bandcamp, ìkànnì tí olórin ti ń ta orin rẹ̀ fún olùgbọ́, sàn jù, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ nínú orin tí wọ́n bá tà, àwọn ọjọ́ Ẹtì kan sì wà láti 2020 tí wọn kì í yọ nǹkan kan rárá. Bí káàdì náírà yín kò bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ wá ojú ìwé olórin náà, kí ẹ bi í bóyá ó ń ta síídì tàbí ó ń gba owó tààrà. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń fúnra wọn dáhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi orin fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ láti fóònù sí fóònù, torí kò sí ibi tí wọ́n ti ń ka ìyẹn fún un.

Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹ́rin ni ẹ ní. Ẹ fún kálukú wọn ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ láti mú orin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, orin tí àwọn mẹ́ta yòókù kò gbọ́ rí, kó sì lè dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá mú ọmọ Òṣogbo tí n kò mọ̀ wá, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí mo ti lè rí orin rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo ní àyè orin méjì lálẹ́ ọjọ́ Àìkú.