Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Owó dispatcher ò tó nǹkan, kí ni mo lè ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Dispatcher ni mí níléeṣẹ́ tírélà kan ní Amẹ́ríkà níbí, èmi ni mò ń wá ẹrù fún àwọn dírẹ́bà tí mo sì ń darí ìrìn wọn. Dọ́là 18 ni wọ́n ń san fún mi ní wákàtí kan, tírélà tó wà lọ́wọ́ mi ò dín ní 12, fóònù mi ò sì sinmi lálẹ́. Mo béèrè ófátáìmù lọ́wọ́ ọ̀gá, ó ní òfin ò fún àwa tó ń ṣiṣẹ́ tírélà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́? Báwo ni mo ṣe lè rí owó tó dáa gbà?

Ìdáhùn: Àbúrò, irọ́ ni o, ibẹ̀ ni màá sì ti bẹ̀rẹ̀ torí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi ń rẹ́ àwọn dispatcher jẹ, ó sì ń dùn mí. Èmi ni mo ń bójú tó owó òṣìṣẹ́ níléeṣẹ́ ọkọ̀ ẹrù tí mo wà, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i.

Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Fair Labor Standards Act, ti 1938. Òun ló ní kí wọ́n san owó wákàtí kan àtààbọ̀ fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí 40 lọ́sẹ̀. Lóòótọ́ ó yọ àwọn kan sílẹ̀ nínú iṣẹ́ wa: awakọ̀ ọkọ̀ ńlá tó ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíì, ọmọ ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé e, mẹkáníìkì, àti ẹni tó ń to ẹrù sínú ọkọ̀, torí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kan ààbò ojú ọ̀nà. Dispatcher ò sí níbẹ̀ rárá, Department of Labor, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, fúnra wọn dárúkọ dispatcher nínú ìwé àlàyé wọn pé kò sí lára àwọn tí wọ́n yọ yẹn. Ohun tí ọ̀gá ẹ gbọ́ nípa dírẹ́bà ló gbé wá sórí tìẹ.

Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní wákàtí 52 lo ṣe lọ́sẹ̀ kan. 40 àkọ́kọ́ ní dọ́là 18, 720 nìyẹn. 12 tó kù, dọ́là 27 ni, kì í ṣe 18, 324 nìyẹn, gbogbo ẹ̀ wá jẹ́ dọ́là 1,044. Tí wọ́n bá fi 18 lásán san gbogbo ẹ̀, 936 lo máa gbà, dọ́là 108 ti lọ nínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo yẹn. Fóònù alẹ́ yẹn náà iṣẹ́ ni o! Tí dírẹ́bà bá pè ẹ́ láago 10 pé wọ́n ti kánsù lóòdù òun, ìyẹn ẹrù tó fẹ́ gbé, tí o wá ń wá òmíì fún un títí aago 11, wákàtí kan lo ṣe yẹn, kódà kó jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì lo wà. Máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́, ẹni tó pè, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí, má sì pa àkọsílẹ̀ ìpè inú fóònù ẹ rẹ́. Ọdún 2 péré lòfin fún ẹ láti béèrè owó ẹ̀yìn, 3 tó bá jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Wọ́n lè fẹ́ gbé ẹ sórí sálárì kí ọ̀rọ̀ ófátáìmù lè kú. Rọra o. Sálárì tí ò bá tó dọ́là 684 lọ́sẹ̀ ò lè gba ófátáìmù lọ́wọ́ ẹ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, èyí tó bá sì tó bẹ́ẹ̀ náà, wọ́n ṣì máa wo irú iṣẹ́ tí ò ń ṣe gan-an. Bákan náà ni 1099, fọ́ọ̀mù owó orí tí wọ́n ń fún ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara ẹ̀ ṣe: orúkọ tó wà lórí fọ́ọ̀mù ò sọ ẹ́ di ẹni tó dá dúró tó bá jẹ́ pé àwọn ló ń sọ ìgbà tí wàá dé àti ìgbà tí wàá lọ.

Ní ti kí wọ́n fowó kún un, má kàn lọ sọ fún ọ̀gá pé nǹkan le, nǹkan le fún gbogbo èèyàn. Ohun tí o pa wọlé ni kí o gbé síwájú ẹ̀. Lóòdù dọ́là 1,000 fún máìlì 400 dà bíi dọ́là 2.50 ní máìlì kan, àmọ́ tí tírélà bá ti kọ́kọ́ rin máìlì 100 lófìfo kó tó débẹ̀, dọ́là 2 péré ni. Tó bá jẹ́ ìwọ lò ń wá lóòdù tó sún mọ́ ibi tí dírẹ́bà ti já ẹrù sílẹ̀, fi hàn wọ́n lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Detention, ìyẹn owó tí wọ́n ń san tí wọ́n bá dá ọkọ̀ dúró pẹ́ níbi tó ti ń gbé tàbí já ẹrù, òun náà ńkọ́? Dírẹ́bà ò lè wakọ̀ ju wákàtí 11 lọ láàárín wákàtí 14, tí wọ́n bá dá a dúró ní wíàháùsì fún wákàtí 5, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹni tó kọ ímeèlì sí bróókà (alágbàtà tó ń bá ẹlẹ́rù wá ọkọ̀) lásìkò tó sì gbowó ẹ̀ wá, owó iléeṣẹ́ ló gbà padà. Kọ gbogbo ẹ̀ sójú ìwé kan, kí o wá dárúkọ iye tí o fẹ́, tàbí ìdá kan nínú owó tí tírélà ẹ bá pa.

Tí wọ́n bá kọ̀, ìwé yẹn náà ni kí o gbé lọ síléeṣẹ́ bróókà tàbí iléeṣẹ́ tó ní ẹrù fúnra ẹ̀, wọ́n máa ń wá ẹni tó mọ ọ̀nà tó sì mọ dírẹ́bà. Tó bá sì jẹ́ pé o fẹ́ dá dúró, àwọn dírẹ́bà tó ni ọkọ̀ wọn ni kí o máa ṣiṣẹ́ fún, pẹ̀lú àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí. Má bọ́ sáàárín ẹlẹ́rù àti ọlọ́kọ̀ láìní láísẹ́ǹsì o, iṣẹ́ bróókà nìyẹn, wọ́n sì máa ń béèrè bọ́ǹdì, ìyẹn ìdúró owó, dọ́là 75,000 kí wọ́n tó fún èèyàn.