Ta Ló Ṣe Àjẹsára Rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi kọ ọ́ nínú ìdánwò pé Jonas Salk ló ṣe àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kán sọ́mọdé lẹ́nu, àti pé ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀. Olùkọ́ fún un ní máàkì. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni, pé àjẹsára Salk pa àwọn ọmọ, ni wọ́n ṣe pa á tì. Ta ni kí n gbà gbọ́? — Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti lú u mọ́ àṣìsọ. Abẹ́rẹ́ ni ti Salk, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. Fọmalíìnì, tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì, ló fi pa kòkòrò àrùn náà, kí ara ọmọ lè dá a mọ̀ láìfara gba jàǹbá rẹ̀. Ẹ̀kán méjì tí àwọn elétò ìlera ń kán sọ́mọ lẹ́nu lójúlé wa, tí wọ́n á wá fi yíǹkì sàmì sí i níka, ọ̀dọ̀ Albert Sabin, onímọ̀ ìṣègùn mìíràn ní Amẹ́ríkà, ni irú rẹ̀ ti ṣẹ̀: kòkòrò ààyè tí wọ́n ti sọ di ọ̀lẹ ni.

Salk kò gba Nobel rí, Sabin náà kò gbà á. John Enders, Thomas Weller àti Frederick Robbins ni wọ́n fún ní 1954, nítorí pé àwọn ló fi hàn pé èèyàn lè mú kí kòkòrò náà máa pọ̀ sí i nínú ìgò, nínú ẹran ara tí kì í ṣe ti ọpọlọ tàbí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn; láìsí èyí, Salk kì bá tí rí èyí tó pọ̀ tó pa. Àmọ́ ta ló mọ orúkọ wọn? Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 1955, Thomas Francis, tó darí ìdánwò àjẹsára Salk, kéde ní ìlú Ann Arbor ní Amẹ́ríkà pé ìdánwò náà, tí ọmọ bíi 1,800,000 kópa nínú rẹ̀, ti yọrí sí rere, ṣùgbọ́n Salk ni rédíò àti ìwé ìròyìn gbé lórí. Ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà láìdárúkọ àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Pittsburgh, ó sì dùn wọ́n títí. Ibẹ̀ ni mo fura pé àṣìṣe olùkọ́ ti wá, nítorí òkìkí àti ẹ̀bùn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín gba ìfarabalẹ̀. Àwọn ọmọ kú lóòótọ́. Kó tó pé oṣù kan lẹ́yìn ìkéde yẹn, kòkòrò ààyè ti wà nínú àjẹsára tí iléeṣẹ́ Cutter ní California ṣe: nǹkan bí 200 èèyàn rọ, 10 sì kú. Àwọn kòkòrò kan ló fara pamọ́ sínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, bí ti ìsàlẹ̀ ìkòkò àgbo, tí fọmalíìnì kò fi ràn wọ́n, àyẹ̀wò ìgbà náà kò sì tó láti tú wọn fó. Ìjọba Amẹ́ríkà dá àjẹsára náà dúró lóṣù karùn-ún, wọ́n tún sísẹ́ àti àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Wọn kò pa á tì o: láti 2000, irú abẹ́rẹ́ ti Salk nìkan ni Amẹ́ríkà ń fún àwọn ọmọ rẹ̀, torí pé kòkòrò inú ti Sabin a máa lágbára padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a sì máa rọ ọmọ.

Ní ti máàkì yẹn, ẹ má wulẹ̀ gbà á padà lọ́wọ́ ọmọ.