Ẹ yé sọ pé nínípọn kò kan ojú fíìmù

Àbúrò kan ló bèèrè pé tí wọ́n bá ní nínípọn fíìmù tín-ín-rín (kì í ṣe fíìmù sinimá o, ìpele nǹkan tó fẹ́lẹ́ gan-an ni, bí èyí tí wọ́n fi ń bo gíláàsì) ló ń pinnu bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí, kí ni ìtumọ̀ ẹ̀. Kíá lẹnìkan ti dá a lóhùn pé "ojú lojú ń jẹ́, bó nípọn bí kò nípọn, ohun kan náà ló wà lókè." Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, torí irú ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Tó bá jẹ́ irin gbọọrọ là ń sọ, mo gbà, o lè fá ìdajì ẹ̀ kúrò lẹ́yìn kí ojú ẹ̀ má yí padà rárá. Àmọ́ nánómítà, ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù ti mítà kan, la fi ń wọn fíìmù tí à ń wí yìí o. Irun orí ènìyàn kan ṣoṣo nípọn tó 50,000 sí 100,000 nánómítà, fíìmù tiwa lè má ju 5 lọ, ó sì lè jẹ́ 100. Tí nǹkan bá ti tín-ín-rín tó báyẹn, ojú òkè àti ojú ìsàlẹ̀ ti fara kanra, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ máa dé òkè dandan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Omi ọṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó bá mi jiyàn. Ẹ tẹ wáyà bí òrùka, ẹ rì í bọ omi ọṣẹ, ẹ gbé e dúró lóòró níwájú aṣọ dúdú, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀yìn yín wá. Ẹ máa rí àwọ̀ ewé àti àwọ̀ osùn tó tò ní ìlà ìlà, bí omi sì ṣe ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ tí òkè ń fẹ́lẹ́ sí i, àwọn ìlà yẹn á máa sọ̀ kalẹ̀. Tó bá ku bíi 100 nánómítà, òkè á funfun bíi fàdákà. Lẹ́yìn náà á dúdú. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ó ti lu nìyẹn, irọ́ ni, fíìmù ṣì wà níbẹ̀, Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ayé àtijọ́, gan-an ti kọ nípa dúdú yẹn sílẹ̀ ní 1704. Ohun tó fà á ni pé ìgbì ìmọ́lẹ̀ tó bá ojú iwájú fíìmù padà máa ń dorí kodò, èyí tó bá ojú ẹ̀yìn padà kì í dorí kodò. Tí fíìmù bá ti tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ, tó jẹ́ bíi 30 nánómítà sísàlẹ̀, ìrìn àwọn méjèèjì ò yàtọ̀ síra mọ́, ọ̀kan dojú sókè, ọ̀kan dojú délẹ̀, wọ́n bá pa ara wọn rẹ́. Ọṣẹ kan náà ni látòkè délẹ̀, kò sẹ́ni tó da aró sí i, nínípọn nìkan ló yí padà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó jẹ́ kí n gbà pé ojú fíìmù ò dá dúró rárá. 100 nánómítà yẹn kan náà, tó bá jẹ́ magnesium fluoride (irú èròjà kan tó mọ́ gaara) ni wọ́n fi bo gíláàsì kámẹ́rà, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà á dín kù gan-an, nígbà tó jẹ́ pé níbi ti ọṣẹ ńṣe ló ń tàn jù. Kí ló dé? Afẹ́fẹ́ ló wà lẹ́yìn ti ọṣẹ, gíláàsì ló wà lẹ́yìn ti kámẹ́rà, torí náà ìgbì méjèèjì ló ń dorí kodò níbẹ̀, ìrìn tí ti ẹ̀yìn fi gùn ju ti iwájú lọ ló wá ń jẹ́ kí wọ́n pa ara wọn rẹ́.

Kì í sì í ṣe àwọ̀ nìkan. Tí wọ́n bá sun góòlù di oru nínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ tán, tí oru yẹn ń bà lé gíláàsì, àwọn átọ́ọ̀mù góòlù fẹ́ràn ara wọn ju gíláàsì lọ, wọ́n á ṣùjọ bí erékùṣù kéékèèké. Ní nánómítà mélòó kan, góòlù ò tíì bo ojú gíláàsì tán, omi tí o bá kán sórí ẹ̀ ń fara kan góòlù àti gíláàsì pọ̀, iná mànàmáná sì lè má kọjá rárá. Tí erékùṣù bá wá so pọ̀, iná á kọjá, bó sì ṣe ń nípọn sí i àwọn hóró ẹ̀ á máa tóbi, ojú ẹ̀ á máa rí gbágungbàgun. Ojú gbágungbàgun yìí ló ń jẹ́ kí ohun tó fẹ́ràn omi fẹ́ràn ẹ̀ sí i, kí èyí tó kórìíra omi kórìíra ẹ̀ sí i, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Wenzel ti sọ ìyẹn láti 1936. Ti ike náà wà ńbẹ̀, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, Keddie, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi hàn ní 1994 pé polystyrene, irú ike kan, tó bá tín-ín-rín gan-an, ooru tó ń mú un dẹ̀ máa ń kéré sí èyí tó ń mú polystyrene tó nípọn dẹ̀.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé àwọn tó ṣáájú wa ò ní ẹ̀rọ, síbẹ̀ wọn ò fi nínípọn ṣeré. Agnes Pockels ò lọ yunifásítì, nínú ilé ìdáná ní Jámánì ló ti ń da òróró díẹ̀ sójú omi inú àwo gbọọrọ, tó ń fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ há a mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó rí i pé tí òróró bá fọ́n káàkiri jù, ńṣe lojú omi ń fa ara ẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àfi tó bá há a dé ibì kan ni fífà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ kíá. Ó kọ lẹ́tà sí Rayleigh, onímọ̀ físíìsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1891. Lónìí tí ẹ̀rọ ń ka nínípọn fúnni, èèyàn á gbé àwòrán omi tó kán sórí fíìmù jáde, kò ní kọ bí fíìmù ṣe nípọn tó, kò ní sọ orí kí ló wà. Kí ni kí n fi èyí ṣe?

Torí náà àbúrò, tí wọ́n bá fún ẹ ní nọ́ńbà kankan nípa ojú fíìmù, kọ́kọ́ bèèrè nánómítà mélòó, kó o tún bèèrè ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Tó o bá fẹ́ dán an wò fúnra ẹ, ṣe góòlù 5, 20 àti 80 nánómítà sórí irú gíláàsì kan náà, kó o kán omi sí wọn ní kété tí wọ́n bá jáde nínú àpótí, torí góòlù tó bá pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ máa ń kó ọ̀rá tí ojú ò rí, omi ò sì ní tẹ́ sórí ẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.