Èsì: Ṣé abẹ́rẹ́ BAL ń ṣiṣẹ́ fún gáàsì mustard?

Ẹ kú ìwádìí. Abẹ́rẹ́ BAL (British Anti-Lewisite, aporó kan) tí ẹ béèrè nípa rẹ̀ yẹn kò lè wo ẹni tí mustard, kẹ́míkà ogun tó ń mú ara lé ròrò, bó lára sàn. Lewisite, kẹ́míkà ogun mìíràn, ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é ní Oxford nígbà Ogun Àgbáyé Kejì: áséníkì, májèlé kan, wà nínú lewisite, BAL a sì dì mọ́ ọn. Mustard kò ní áséníkì, kò sì ní aporó kankan.

Bó bá jẹ́ lewisite lóòótọ́, dókítà ló ń gún BAL. Òróró ẹ̀pà ni wọ́n pò ó mọ́ o, kí ẹni tí ẹ̀pà kì í bá lára mu tètè sọ.

Ti mustard, kíá ni:

1. Ẹ bọ́ aṣọ, ẹ dì í sínú ọ̀rá.
2. Ẹ fi omi púpọ̀ ṣan ojú, ẹ fi ọṣẹ wẹ ara.
3. Ẹ lọ sílé ìwòsàn, kódà bí kò bá dùn yín.

Lewisite a máa ta èèyàn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mustard lè dákẹ́ fún wákàtí 2 sí 24 kí ara tó lé ròrò. Omi inú ìléròrò yẹn kì í ran ẹlòmíràn. Bí ẹni tí iná jó ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, àmọ́ ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń pẹ́ jù: àwọn tí wọ́n ju bọ́ǹbù mustard lù ní Sardasht, ní Iran, lọ́dún 1987, ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń wúkọ́ lẹ́yìn ogún ọdún.